Ìgbékalẹ̀ Sípíkà Nínú Yàrá Kékeré fún Àdàkọ Ohùn Ìlù: Àpẹẹrẹ Yàrá Ilé ní Adégbàyí

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá ni ó ń parí sínú yàrá kan. A ó lọ bá àyàn tàbí onírárà, a ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì gbé e wálé láti dà á kọ sínú ìwé. Bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ àti bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n yàrá tí a ti ń tẹ́tí sí ohun tí a gbà, a kì í sábà kà á kún apá kan iṣẹ́ náà. Èrò tí bébà yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé yàrá náà ń bá wa kọ̀wé. Ibi tí a gbé sípíkà sí, àti ibi tí a gbé àga sí, lè mú kí a fi lílù kan pe méjì, tàbí kí a fo òmíràn.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni kò jẹ́ kí a lo ẹ̀rọ àfisétí, kí a bọ́ lọ́wọ́ yàrá. Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àdàkọ ìlù kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bàbá onílù gbọ́dọ̀ wá jókòó, kí ó gbọ́ ohun tí a gbà, kí ó sì sọ ohun tí ìlù wí. Àwa pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní àkókò kan náà tí ó ń gbọ́ ọ. Sípíkà ni ó lè ṣe èyí.

Irú yàrá tí a ní lọ́kàn

Adégbàyí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ilé tí à ń kọ́ síbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú kéékèèké yòókù tí ó yí Ìbàdàn ká: búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tí a rẹ́ tí ó dán, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì, yàrá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 12. Ọ̀rọ̀ ògiri yìí ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí a ń kà nínú ìwé Amẹ́ríkà, ilé onípákó ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, níbi tí ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ń mì, tí ó sì ń jẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ jáde lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò mì. Ìró ìsàlẹ̀ tí ó bá kọlù ú yóò ta padà pẹ̀lú agbára tí ó fi lọ, bí ó bá dín, díẹ̀ ni. Àjà pákó lásán tilẹ̀ ṣàánú wa díẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí ìró kan gba inú òrùlé lọ. Ẹni tí dẹ́kì bá wà lókè orí rẹ̀ kò ní àǹfààní yẹn.

Ohun tí yàrá ń ṣe sí ìró

Ní ọ̀sán Ìbàdàn, nígbà tí ooru bá tó 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 349 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. (Mítà 343 ni a sábà ń bá nínú ìwé, nítorí ooru 20 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ń jà sí.) Bí ìró bá ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ògiri méjì tí ó kọjú síra, ìró kan wà tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àlàfo ògiri náà. Èyí yóò máa bá ara rẹ̀ pàdé, yóò sì ró ju bí a ti lù ú lọ. Ìró tí iye gbígbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti àkọ́kọ́ yóò ṣe bákan náà. Nínú yàrá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, èyíinì ni mítà 3.66, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni 48, 95 àti 143 hertz. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, a ó tún rí 57, 114 àti 172. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ọkùnrin tí ó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín 85 sí 180 hertz. A ó rí i pé inú ilé ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè gan-an ni yàrá ti ń dá sí ọ̀rọ̀. Yàrá tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 10 bákan náà ni ó burú jù, nítorí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò pa ohùn pọ̀ sórí 57, 114 àti 172.

Kí a má ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́: yàrá kò lè sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ohùn òkè. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi agbára kún ìró kan, ó ń gba agbára lọ́wọ́ òmíràn, ó sì ń mú kí èyí tí ó fi agbára kún pẹ́ kí ó tó kú. Fún ẹni tí ó ń da ọ̀rọ̀ ẹnu kọ, èyí lè má fa wàhálà, nítorí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì wà níbẹ̀ tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Onílù kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohùn nìkan ni ìlù fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí lílù ìsàlẹ̀ kan bá ń hó nínú yàrá títí èyí tí ó tẹ̀ lé e fi dé, ìkejì lè rì sínú rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ di sílébù kan lójú ìwé. Ti ìyáàlù dùndún tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyàn a máa fún okùn awọ tí ó yí ìlù náà ká, a sì máa dẹ̀ ẹ́, kí ohùn lè yọ́ láti òkè wá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yọ́ lẹ́nu wa nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé ti òkè. Bí ohùn tí ó ń yọ́ bọ̀ yìí bá kọjá níbi tí yàrá ti ń fi agbára kún ìró, yóò ta sókè lójijì ní àárín ìyọ́ rẹ̀, etí a sì pe ìyọ́ kan ṣoṣo ní lílù méjì. Ẹni tí ó bá ti ka iṣẹ́ Akin Euba lórí dùndún (1990) mọ bí ọ̀rọ̀ ohùn ìlù ti díjú tó láìjẹ́ pé yàrá tún bá wa dá sí i.

Àga, lẹ́yìn náà sípíkà

Àga ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá àyè fún. Ní ìdajì gígùn yàrá gan-an, ìró 48 hertz a fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ pátápátá. Lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, gbogbo wọn ni yóò máa pariwo. Ibi tí a lè fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ni ìdá 38 nínú 100 gígùn yàrá, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ògiri iwájú. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí jẹ́ mítà 1.39. Kì í ṣe òfin. Ó kàn jẹ́ ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí ó dára ni.

Sípíkà méjèèjì yóò kọjú sí gígùn yàrá, àlàfo tí ó wà láàárín ti ọ̀tún àti ògiri ọ̀tún yóò sì bá ti òsì dọ́gba. Àwọn méjèèjì àti orí olùgbọ́ yóò jẹ́ ààrò mẹ́ta tí àlàfo wọn kò ju ara wọn lọ. Bí ojú sípíkà bá fi sẹ̀ntímítà 35 jìnnà sí ògiri iwájú, tí ìkan sì fi mítà 1.2 jìnnà sí èkejì, orí ẹni tí ó jókòó sí mítà 1.39 náà yóò di ààrò kẹta, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 92 yóò sì kù sí ògiri ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Níbí ni a ti yapa sí ìmọ̀ràn tí ó gbajúmọ̀ jù, pé kí a fa sípíkà jìnnà sí ògiri. Ìró ìsàlẹ̀ a máa yí ẹ̀yìn sípíkà lọ, a ta lára ògiri, a sì padà wá pa èyí tí ó ń jáde lójú sípíkà, níbi tí àlàfo náà bá ti jẹ́ ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì. Bí a bá fa sípíkà jìnnà ní mítà 1, ìró tí yóò kú ni 87 hertz, èyíinì ni ìsàlẹ̀ ohùn àgbà ọkùnrin. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 35, 249 ni, ó sì ti kọjá ibẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá ni ìmọ̀ràn yẹn yẹ. Nínú yàrá wa, ẹ jẹ́ kí ó sún mọ́ ògiri iwájú, ṣùgbọ́n kí ó má wọ igun yàrá, nítorí igun a máa sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ariwo. Kò sì sí ìdí láti ra sípíkà ńlá. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ BBC ṣe sípíkà kékeré kan, LS3/5A, fún àyè híhá bí inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ láti ìta.

Ibi tí ìró tínrín ti ń jáde lára sípíkà gbọ́dọ̀ bá etí ẹni tí ó jókòó dọ́gba. Kò pọn dandan kí a ra ìdúró fún un. Búlọ́ọ̀kù tí à ń fi kọ́lé gùn ní ìǹṣì 18. Bí a bá gbé méjì lé ara wọn lóòró, tí a fi sìmẹ́ǹtì so wọ́n pọ̀ kí ọmọdé má baà tì wọ́n ṣubú, ó ga tó sẹ̀ntímítà 91. Fóòmù pẹlẹbẹ kan lókè rẹ̀, ó tó.

Ọ̀rọ̀ páálí ẹyin

Àwọn tí ó ń ṣe yàrá orin sílé fẹ́ràn láti lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Iṣẹ́ tí páálí yẹn ń ṣe kéré. Kí ohun kan tó lè gba agbára lọ́wọ́ ìró 100 hertz lára ògiri, ó yẹ kí ó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 87. Páálí ẹyin kò ju nǹkan bíi 5 lọ. Díẹ̀ nínú ìró tínrín ni ó ń mú, èyí tí a fi ń gbọ́ bí ọ̀pá ṣe kan awọ, tí ó sì ń bá wa ka iye lílù. Ìsàlẹ̀ tí ó ń hó, kò fọwọ́ kàn án. Iná sì ń yá a lára láti jó. Kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀, tìmùtìmù ńlá tí a gbé dúró ní igun ẹ̀yìn, àti fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ dára jù ú lọ, nítorí ìró tí ó bá gba ojú fèrèsé jáde kò tún padà wá mọ́. Owó tí fèrèsé ń gbà ni pé ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti ti ọkọ̀ ọ̀nà Ifẹ̀ ń wọlé. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni a fi ń yẹra fún un.

Fún ògiri ẹ̀gbẹ́, kí ẹnì kan máa fa dígí lọ lára rẹ̀ nígbà tí a jókòó. Ibi tí a bá ti rí sípíkà nínú dígí ni ìró ti ń ta wá bá wa. Aṣọ òfì tí ó nípọn tàbí àpótí ìwé yẹ níbẹ̀. Fún ìsàlẹ̀, kí a mú ìró kan tí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 40 dé 200 hertz, kí a máa sún àga síwá sẹ́yìn títí tí kò fi sí èyí tí ó ta sókè tàbí tí ó ré lọ ju èkejì lọ. Kí a sàmì sí ilẹ̀ níbẹ̀.

Àyè kan ṣoṣo ni àmì yẹn máa ń jẹ́ nínú irú yàrá yìí. Bí bàbá onílù bá dé, òun ni kí ó jókòó síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí bàbá bá sì ti lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sórí àga kan náà, kí ó tún gbogbo rẹ̀ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó fi àmì ohùn sí i.