Bí Ìkòkò Amọ̀ Ṣe Padà Wọ Pálọ̀

Ní Hwolshe, ládùúgbò wa ní ìlú Jọ́ọ̀sì, ọyẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Tí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, eruku á máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, á bo àga, á bo tẹlifíṣọ̀n, á sì pa ọ̀dà ara ògiri láwọ̀ dà. Orí òkè ni ìlú yìí wà, ó fi mítà tó lé ní 1,200 ga ju etí òkun lọ, òtútù òru rẹ̀ kò sì ṣeé fi wé ti Ìbàdàn tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ibí ti wá. Irú àsìkò yẹn gan-an làwọn ìyá ilé máa ń dìde pé àwọn fẹ́ tún ilé ṣe kí Kérésì tó dé. Wọ́n á já kọ́tìnnì fọ̀, wọ́n á po ọ̀dà tuntun, ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ra òdòdó oníke.

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ kí wọ́n fi owó òdòdó oníke yẹn rà. Ìkòkò amọ̀ ni. Mo ti ń rí i tó ń padà sílé àwọn èèyàn díẹ̀díẹ̀: ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n gbin òdòdó sí, òmíràn ní igun pálọ̀ tí wọ́n kó agbòjò àti ìgbálẹ̀ sí. Bó ṣe jáde nílé wa àti bó ṣe ń padà bọ̀, ìtàn tó kan ìlú Jọ́ọ̀sì yìí gbọ̀ngbọ̀n ni.

Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ nínú wa á rántí àmù omi. Igun yàrá ìyá àgbà ló máa ń wà, wọ́n á ri ìdí rẹ̀ mọ́ inú iyanrìn tútù, wọ́n á fi àwo dé e, ife á sì wà lórí àwo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni orù àti ìṣaasùn máa ń tò sí, láti orí ńlá dé orí kékeré. Inú ìkòkò ni èlùbọ́ wà, inú ìkòkò ni iyọ̀ wà, inú ìkòkò ni wọ́n ń rẹ aṣọ sí tí wọ́n bá fẹ́ pa á láró. Ìyá tó bá ní ìkòkò tó pọ̀, ilé rẹ̀ máa ń wà létòlétò. Ìgbà tó yá, abọ́ tánganran dé, lẹ́yìn náà ike dé, lẹ́yìn náà firíìjì àti omi inú ọ̀rá. Ike fúyẹ́, kì í fọ́, ó sì wà ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ta ló máa bá obìnrin tó ń pọnmi láti ọ̀nà jíjìn jà pé ó gbé ike dípò orù? Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò ṣe jáde nílé láìsí ẹni tó pariwo.

Nígbà tó jáde, Jọ́ọ̀sì ló gbà á. Amọ̀ ló tilẹ̀ bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú yìí. Láti ọdún 1928 làwọn tó ń wa kùsà tánganran ní abúlé Nok ti ń hú ère amọ̀ jáde nínú ilẹ̀. Ní 1943, akọ̀wé kan níbi ìwakùsà rí orí ère kan, ó gbé e lọ sí oko iṣu, ó fi ṣe aṣọ́komásùn. Odidi ọdún kan ló fi ń lé ẹyẹ níbẹ̀ kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà tó gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì fún Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ́ ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Cambridge. Ère tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ni. Fagg bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú wọn jọ, nígbà tó sì di 1952, wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì fún gbogbo ará ìlú.

Opó ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Sylvia Leith-Ross, tó ti kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa ní 1907, ló wá ń kó ìkòkò jọ fún ibẹ̀ nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìkòkò omi, ìkòkò ọtí, ìkòkò ọbẹ̀, ìkòkò òrìṣà, kò sí èyí tí kò kó. Ìwé rẹ̀ lórí wọn, Nigerian Pottery, jáde ní 1970. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí púpọ̀, torí ọ̀pọ̀ irú ìkòkò tó wà níbẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń mọ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí níbẹ̀. Ìkòkò tó bá ti wọ ilé yẹn, omi kì í wọ inú rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí wọ́n bá kó lọ wò ó láti ilé ìwé á padà wálé pẹ̀lú èrò pé ohun èlò àwọn tó ti kú ni òun rí.

Ẹ mú owó náírà 20, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin tó wà níbẹ̀, Ladi Kwali ni, láti 2007 ló sì ti wà níbẹ̀. Ìlú Kwali ni wọ́n bí i sí, ọ̀dọ̀ obìnrin mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ló ti kọ́ ìkòkò mímọ. Kí òyìnbó kankan tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni ọba Abuja ìgbà náà, Suleimanu Barau, ti kó ìkòkò rẹ̀ sínú ààfin, tó tò wọ́n fún ọ̀ṣọ́. Ààfin yẹn ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará England tí ìjọba gbà síṣẹ́, ti rí wọn ní 1950. Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò sílẹ̀ ní Abuja, ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ladi Kwali wọ ibẹ̀ ní 1954, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ ìkòkò nílé wọn náà ló ń gbà mọ ọ́n: ó ń to amọ̀ lé amọ̀, ó ń rìn yí i ká, ó sì ń fín alángbá, àkéekèe àti ẹja sí i lára. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ fi kún un ni iná. Wọ́n ń fi ohun dídán bò ó, wọ́n ń sun ún nínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iṣẹ́ rẹ̀ dé London ní 1958, Fásitì Ahmadu Bello sì fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní 1977. Kofi Athey, ọmọ Ghana tó bá Cardew ṣiṣẹ́, ló wá darí ibi ìmọ̀kòkò tó wà nínú ọgbà ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa níbí.

Nínú gbogbo oyè àti ìrìn àjò yẹn, ti ààfin ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ọba náà lágbára láti ra ohun ọ̀ṣọ́ èyíkéyìí tó bá wù ú. Ìkòkò omi obìnrin abúlé ló yàn, ó gbé e síbi tí àlejò á ti rí i.

Ẹni tó dá ìkòkò padà sẹ́nu iṣẹ́ ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ní Jigawa, tí àwọn ìyá ìdílé rẹ̀ ń mọ ìkòkò. Lọ́dún 1995 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, tó da iyanrìn sí àárín méjèèjì, tó sì ń bu omi sí iyanrìn náà. Aṣọ tútù ló fi ń bo ẹnu wọn. Bí omi iyanrìn ṣe ń gba ara ìkòkò ìta jáde, tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ló ń gbé ooru inú lọ. Ìdí kan náà tí omi àmù ìyá àgbà fi máa ń tutù nìyẹn. Ìgbá tí kì í ju ọjọ́ 3 lọ kó tó bàjẹ́ lo ọjọ́ 27 nínú ìkòkò Bah Abba. Tòmátò àti ata lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ tó máa ń rọ lọ́jọ́ kan pé ọjọ́ 12. Ó gba àwọn amọ̀kòkò tí kò ríṣẹ́ ṣe, wọ́n mọ ìkòkò 5,000 lákọ̀ọ́kọ́, ó pín in lọ́fẹ̀ẹ́ láwọn abúlé, ó sì ní kí àwọn òṣèré ṣe eré sínú fídíò kí ẹni tí kò mọ̀wé lè rí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀bùn Rolex tó gbà ní 2000 ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ó kú ní 2010.

Fún àwa tó ń gbé Jọ́ọ̀sì, níbi tí kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́ òyìnbó, kábéèjì àti tòmátò ti pọ̀ gan-an, tí iná mànàmáná kì í sì í dúró, mi ò mọ ohun tó yẹ ilé ìdáná wa ju èyí lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ra ìkòkò méjì tí ọ̀kan máa wọ inú èkejì, tí ààyè tó tó ìka mẹ́ta á sì kù yípo. Ẹ fi ìka gbá ara wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó bá dún gooro kò sán, èyí tó bá dún bóbó, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ má ra èyí tí wọ́n kun ọ̀dà sí lára, torí ọ̀dà ń dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá títí ẹnu méjèèjì á fi dọ́gba, ẹ da ìyókù sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ máa bomi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó má wà nínú oòrùn, kó má sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí òjò bá ti dé, inú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún fún omi, omi iyanrìn kò ní ríbi gbà lọ, ìkòkò náà kò sì ní tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí ìkòkò omi máa ń rí roboto, kì í lè dá dúró lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ẹ wé ankara tó ti gbó ní òṣùká, kó nípọn, kẹ́ ẹ rán an pọ̀ kó má tú, kẹ́ ẹ gbé ìkòkò gbígbẹ jókòó lé e. Nínú pálọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eruku, ankara pupa tàbí òféèfé lábẹ́ ìkòkò dúdú máa ń mú ojú ẹni yọ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin òdòdó sí, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ẹnu ìṣó yí ihò sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Òòlù kọ́ rárá. Ẹ fi àpáàdì kan bo ihò náà kí erùpẹ̀ má baà ṣàn jáde, kẹ́ ẹ tó da ilẹ̀dú sí i. Òtútù Jọ́ọ̀sì bá òdòdó rósì lára mu, ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ní irú àǹfààní yìí.

Èyí tó bá wá fọ́ ńkọ́? Ilé-Ifẹ̀ ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ìkòkò ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà níbẹ̀. Wọn ò tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ o. Ìdúró ni wọ́n to àpáàdì kọ̀ọ̀kan, etí rẹ̀ sókè, wọ́n há a mọ́ra, ìlà kan kọjú síbí, ìlà kejì kọjú sọ́hùn-ún. Láwọn ibòmíràn wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín ìlà àpáàdì kó lè hàn ketekete. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Omi òjò ń gba àárín àpáàdì wọlẹ̀, ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀, ó sì ṣì wà nílẹ̀ títí dòní láwọn ibi tí wọ́n ti hú u jáde.

Ẹ lè fi àpáàdì tẹ́ irú ilẹ̀ yìí nílé yín náà. Ìdí ẹ̀rọ omi, ibi tí àwọn ọmọ ti ń fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, kò tóbi. Ìwọ̀n ẹní kékeré kan ti tó. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jìn tó ìka mẹ́rin, ẹ po iyanrìn agolo mẹ́rin mọ́ sìmẹ́ńtì agolo kan ní gbígbẹ, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí i. Ẹ fi òòlù kékeré ṣẹ́ àpáàdì kí fífẹ̀ wọn lè dọ́gba, ẹ rì wọ́n lóòró títí tí kò fi sí èyí tó ń mì, kẹ́ ẹ wá wọ́n omi sí i lórí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìkòkò lẹ ti máa rí àpáàdì, torí ẹrù wọn máa ń fọ́ lójú ọ̀nà, inú wọn á sì dùn pé ẹ bá wọn kó o kúrò nílẹ̀. Èmi rò pé irú ilẹ̀ báyìí lẹ́wà ju táìsì olówó ńlá tó ń dán yinrinyinrin lọ, tí àgbàlagbà ò lè tẹ̀ nígbà òjò láìdi ògiri mú.

Bẹ́ ẹ bá lọ ra ìkòkò ní Jọ́ọ̀sì, tulu ni kẹ́ ẹ pe èyí tí wọ́n fi ń pọnmi, randa ni àmù ńlá, kí ọlọ́jà Hausa lè tètè gbọ́ yín. Ẹ má ná owó ìkòkò wálẹ̀ jù. Obìnrin tó mọ ọ́n ti walẹ̀ amọ̀, ó ti gún un, ó ti sá a, ó ti kó igi jọ. Iná ìta gbangba ni wọ́n fi ń sun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òjò kò sì ní jẹ́ kí amọ̀ gbẹ tàbí kí iná yẹn dúró. Nítorí náà, láti ìgbà ọyẹ́ títí dé oṣù Kẹta ni ẹrù máa ń pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá dúró di ìgbà òjò, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ṣà kù ló máa bá.