Bundesliga Mìíràn: Sáà Tí Rọ́gíbì Jámánì Ṣílẹ̀kùn fún Ẹgbẹ́ 24

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Bundesliga, ọ̀dọ̀ Bayern Munich àti Borussia Dortmund ni ọkàn rẹ̀ máa lọ, pẹ̀lú pápá ńláńlá tí èrò kún dẹ́múdẹ́mú. Àmọ́ Bundesliga mìíràn wà ní Jámánì, ti rọ́gíbì, tí wọ́n ti ń gbá láti ọdún 1971. Owó rẹpẹtẹ tó wà nínú ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò sí nínú tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tàbí oníṣẹ́ ọwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe ìgbáradì lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ara ríro.

Nínú gbogbo ìtàn líìgì yìí, sáà kan wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ wò dáadáa: sáà 2012 sí 2013. Títí di ìgbà náà, ẹgbẹ́ 10 péré ló ń du ife. Lọ́dún 2012, àjọ tó ń darí rọ́gíbì nílẹ̀ Jámánì ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, iye ẹgbẹ́ sì fò sókè di 24. Ìgboyà ńlá ni. Wàhálà tó tẹ̀ lé e náà kò kéré.

Ká tó dé ibẹ̀, irú eré wo ni rọ́gíbì? Àwọn 15 ló ń wọ pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 40 ìṣẹ́jú sì ni abala kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì ṣe ṣóṣóró. Agbábọ́ọ̀lù lè gbé e sáré, ó lè ta á, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fi ọwọ́ jù ú sí ẹnìkejì rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jù ú síwájú. Òfin kan ṣoṣo yìí ló sọ eré náà di ohun tó jẹ́. Iwájú ni gbogbo ẹgbẹ́ ń lé lọ, ẹ̀yìn ni bọ́ọ̀lù ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó kàn. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà ìparí àwọn alátakò tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmì 5 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà; try ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á tún fún wọn láyè láti ta bọ́ọ̀lù láàrin òpó méjèèjì, lókè igi ìdábùú, fún àmì 2 sí i. Bí alátakò bá rú òfin, wọ́n lè ta ìfìyàjẹ fún àmì 3.

Ibi tí agbára ti ń hàn jù ni scrum. Mẹ́jọ láti ẹgbẹ́ kìíní á so mọ́ra, mẹ́jọ láti ẹgbẹ́ kejì náà á so mọ́ra, wọ́n á wá forí kọ́ra wọn bí àgbò tó ń kàn, bọ́ọ̀lù á wà nílẹ̀ láàrin wọn. Àwọn mẹ́ta tó wà níwájú ń fi ọrùn àti èjìká gba ẹrù tó wúwo gan-an. Òfin kò gbà kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ dúró níbẹ̀, nítorí ọrùn rẹ̀ lè ṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Rọ́gíbì kì í ṣe àlejò ní Jámánì. Ní Hannover, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí DSV 78 ti wà láti ọdún 1878. Ní Heidelberg, lẹ́bàá odò Neckar, àwọn atukọ̀ ló gbà á tọ́mọ: ìgbà òtútù kò jẹ́ kí wọ́n lè máa wa ọkọ̀ lórí odò, wọ́n sì nílò eré tí yóò mú kí ara wọn le títí ìgbà ooru yóò fi padà. Ìdí nìyí tí orúkọ ẹgbẹ́ rọ́gíbì tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ fi jẹ́ Heidelberger Ruderklub, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀-ojú-omi. Lọ́dún 1900 ni wọ́n dá àjọ rọ́gíbì ilẹ̀ Jámánì sílẹ̀ ní Kassel. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ láti Frankfurt ṣojú Jámánì ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Paris, tí Faransé nà wọ́n ní 27 sí 17. Ọdún 1909 ni àṣekágbá àkọ́kọ́ fún ife orílẹ̀-èdè wáyé, FC 1897 Hannover sì na FV Stuttgart ní 6 sí 3. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mọ ọmọ FV Stuttgart yẹn dáadáa: ara ẹgbẹ́ méjì tó papọ̀ lọ́dún 1912 di VfB Stuttgart ni.

Ìgbà kan sì wà tí ikọ̀ Jámánì tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Wọ́n na Faransé ní Frankfurt lọ́dún 1927, 17 sí 16. Wọ́n tún nà wọ́n níbẹ̀ lọ́dún 1938, 3 sí 0. Ogun Àgbáyé Kejì ló gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ eré náà gbá kú sógun, àwọn tó kù sì padà bá orílẹ̀-èdè tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gba gbogbo àyè rẹ̀. Lónìí, àjọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Jámánì ní ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 7. Lásìkò sáà tí à ń sọ yìí, ti rọ́gíbì kò tó 20,000.

Nítorí pé wọ́n kéré báyìí, ojú kan náà ni eré náà fìdí sí. Ní Hannover àti Heidelberg, bàbá gbá a, ọmọ gbá a, ọmọ-ọmọ náà gbá a. Ní Heidelberg nìkan, ìlú tí kò tóbi púpọ̀, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ti ń jà nínú líìgì tó ga jù: Ruderklub tí wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ sí HRK, RG Heidelberg, SC Neuenheim àti TSV Handschuhsheim. Ẹni tó ń gbé ní Leipzig tàbí ní München lè dàgbà láìgbọ́ rárá pé Jámánì ní líìgì rọ́gíbì. Ohun tí àtúntò ọdún 2012 fẹ́ bá jà gan-an nìyẹn.

Báyìí ni wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n pín ẹgbẹ́ 24 sí ọ̀nà mẹ́rin: àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, mẹ́fà-mẹ́fà. Nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ parí, mẹ́rin tó ṣe dáadáa jù ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń bá ìdíje ife lọ. Àríwá dà pọ̀ mọ́ ìlà-oòrùn, gúúsù dà pọ̀ mọ́ ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tó gbẹ̀yìn yà lọ du ife kékeré. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ à-nà-yọ wá dé, títí kan àṣekágbá. Láàrin méjì, ìsinmi ọ̀gìnnìtìn wà, nítorí pé ilẹ̀ máa ń le gbagidi lóṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí wọ́n gbé òun ṣubú lórí yìnyín.

Àǹfààní tó kọ́kọ́ hàn ni ti owó ọkọ̀. Láti Hannover dé Heidelberg lé ní 400 kìlómítà. Láti Berlin, ó lé ní 600. Fún ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ń dáwó epo, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù lè fọ́ ẹgbẹ́ túútúú. Nínú ètò tuntun, Berlin ń gbá pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀, Hamburg ń gbá pẹ̀lú Hannover. Ẹgbẹ́ láti Leipzig àti München, tí kò sí nínú àwọn 10 ti ìṣáájú, lè sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú wọn pé àwọn wà ní líìgì tó ga jù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fa ọmọdé wá sórí pápá ju ìpolówó lọ. FC St. Pauli ti Hamburg, tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ní ẹ̀ka rọ́gíbì. Àwọn obìnrin wọn sì ti gba ife Jámánì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìṣòro rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹgbẹ́ 24 ni wọ́n kó jọ, agbábọ́ọ̀lù tó tó ẹgbẹ́ 24 kò sí. Kí sáà tó jìnnà, èsì tó ń jáde láti ọ̀nà kan àti òmíràn ti ń dẹ́rù bani. Àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wà láwọn ọdún wọ̀nyẹn tí ẹgbẹ́ kan gba àmì tó lé ní 100, tí ẹnìkejì kò sì rí nǹkan kan mú bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kò rí èèyàn tó pé kó jọ, wọ́n á sì ní káwọn tó ń retí wọn máa mú àmì lọ. Ibí ni ọ̀rọ̀ scrum ti padà wá. Bí ẹgbẹ́ kékeré bá pàdánù ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ iwájú, tí kò sì sí arọ́pò, adájọ́ gbọ́dọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n má tira wọn mọ́. Ààbò ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ohun tó mú rọ́gíbì yàtọ̀ sí eré mìíràn ti lọ, ẹgbẹ́ tó lágbára kò sì rí ẹni bá dánra wò.

Bí wọ́n ṣe ń ka àmì líìgì tún dá kún un. Ẹni tó bá borí gba àmì 4, ọ̀mì jẹ́ 2. Ẹgbẹ́ tó bá ní try mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba àmì 1 lé e, ẹni tí wọ́n bá sì nà pẹ̀lú àmì 7 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ náà gba 1. Ètò yìí dára níbi tí agbára bá ti fẹ́ dọ́gba, torí ó ń mú kí ẹni tó ń pàdánù jà dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Níbi tí agbára kò bá ti dọ́gba, ẹgbẹ́ ńlá á ti kó márùn-ún rẹ̀ sápò kí abala kìíní tó parí. Ogójì ìṣẹ́jú tó kù kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan: ẹni tí wọ́n ń nà ń fara gbọgbẹ́, ẹni tó ń nani ń sáré lásán.

HRK ló gba ife sáà yẹn, ìgbà kẹrin léraléra. Wọ́n ti gbà á láti 2010, wọn kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn títí 2015. Òṣìṣẹ́ kára ni wọ́n, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí àwọn yòókù kò ní: Hans-Peter Wild, ọmọ Heidelberg, oníṣòwò tó ni ohun mímu Capri-Sun. Ó fi owó tirẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ rọ́gíbì sílẹ̀. Níbẹ̀, agbábọ́ọ̀lù rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, wọ́n rí oníṣègùn ara, wọ́n sì rí owó tí wọ́n lè fi máa gbá eré láìsí iṣẹ́ mìíràn. Kí ọkùnrin kan nífẹ̀ẹ́ eré ìlú rẹ̀ tó báyẹn, ó yẹ ká gbóríyìn fún un. Síbẹ̀, bí HRK ṣe ń ga sókè, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo tó wà láàrin wọn àti ẹgbẹ́ tó ń dáwó epo ń fẹ̀ sí i.

Àjọ náà kò di ojú sí i. Lọ́dún 2015 wọ́n dín ẹgbẹ́ 24 kù sí 16, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Sáà àkọ́kọ́ nínú ètò yìí, TV Pforzheim, láti ìlú kan tí kò jìnnà sí Heidelberg, gba ife lọ́wọ́ HRK. HRK padà gbà á lọ́dún 2017 àti 2018.

Ikọ̀ orílẹ̀-èdè ló jẹ́ ká rí bí ìpìlẹ̀ náà ṣe le tó. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Jámánì na Romania ní 41 sí 38 ní Offenbach. Romania kì í ṣe ẹran rírọ̀. Wọ́n ti lọ sí gbogbo Ife Àgbáyé títí di ìgbà yẹn. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ọ̀rọ̀ kò wọ̀ mọ́ láàrin Wild àti àjọ rọ́gíbì, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Chile. Ọdún kan lẹ́yìn ìṣẹ́gun Offenbach, láìsí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Wild nínú ikọ̀, Romania gba ẹ̀san: 85 sí 6. Líìgì tó ní ẹgbẹ́ 16 kò lè pèsè 15 tí yóò dúró dípò wọn.

Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ ya ayé lẹ́nu. Wọ́n gba àmì lọ́wọ́ Romania, Spain àti Belgium nítorí agbábọ́ọ̀lù tí kò lẹ́tọ̀ọ́, Jámánì tó pàdánù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2018 sì bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Ife Àgbáyé 2019 ní Japan. Àwọn àgbà padà. Wọ́n na Portugal ní 16 sí 13 ní Heidelberg. Samoa nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ní Marseille, nínú ìdíje ìkẹyìn fún àyè kan ṣoṣo tó kù, wọ́n na Hong Kong ní 26 sí 9, wọ́n na Kenya ní 43 sí 6. Canada ló ká wọn lọ́wọ́ kò, 29 sí 10. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n dé Japan.

Lọ́dún 2018 kan náà, HRK yege láti gbá Challenge Cup ilẹ̀ Yúróòpù. Wọn kò gbà wọ́n wọlé. Wild ti ra Stade Français ti Paris lọ́dún 2017, òfin kò sì gbà kí ọwọ́ ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ méjì tó ń du ife kan. Timișoara láti Romania ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Àwọn ọ̀dọ́ Heidelberg tó làágùn fún àyè yẹn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Sáà tó tẹ̀ lé e, ife bọ́ lọ́wọ́ agbègbè Heidelberg àti Pforzheim fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2010. SC Frankfurt 1880 ló gbà á lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ kan náà tí àwọn baba wọn lọ Paris lọ́dún 1900.