Òkè Taber: Ta Ni Yóò Gbẹnu Òkú Sọ̀rọ̀?

Brooklin jẹ́ ìlú kékeré kan ní Whitby, ní ìlà-oòrùn Toronto, níbi tí ilé àti ọ̀nà tuntun ti ń rọ́pò oko. Òpópónà 407, tí ó dé Oshawa ní 2016, gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Níbi tí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ìbéèrè kan wà nílẹ̀: bí egungun ènìyàn bá hàn, ta ni yóò gbẹnu òkú sọ̀rọ̀? Òkè Taber ní Scarborough, tí ó wà láàárín Brooklin àti àárín gbùngbùn Toronto, fi ìdáhùn kan lélẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 1956, wọ́n ń gé òkè náà lulẹ̀ nígbà tí egungun yọ jáde. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí i pé ibojì àjùmọ̀ni ni, pé òkú tí ó wà nínú rẹ̀ ju 500 lọ, àti pé àwọn baba ńlá Wendat ni wọ́n sin wọ́n síbẹ̀ kí àwọn ará Yúróòpù tó dé. Ogun kọ́ ló fa ọ̀pọ̀ òkú yìí. Bí abúlé Wendat kan bá fẹ́ ṣí kúrò, wọn a hú egungun àwọn ènìyàn wọn, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kòtò kan tìyẹ́-tìyẹ́. Àlùfáà Jean de Brébeuf kọ ìròyìn irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ní 1636. Yorùbá tí ó ń júbà ní ojú oórì baba rẹ̀ nínú ilé yóò tètè mọ̀ pé ìfẹ́ ẹbí ló wà nídìí ìṣe náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn Haudenosaunee láti Six Nations ṣe ètùtù, wọ́n sì tún egungun náà sin. Ìran wọn ló tú Wendat ká nínú ogun 1649. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀tá àná ló ṣe ojúṣe ọmọ olóòkú. Òkè náà sì di ibi ìsìnkú tí a yà sọ́tọ̀, láàárín ilé àwọn aráàlú.

Lónìí, òfin Ontario sọ pé ẹni tí ó bá rí ibojì tí kò sí lákọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá tàbí dókítà ìjọba tí ń wádìí ikú lójú ẹsẹ̀. Bí òkú náà bá jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀ àtètèdé, onílẹ̀ àti aṣojú wọn yóò jọ pinnu bóyá yóò dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí egungun bá ti hàn ni òfin yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni ìwádìí ilẹ̀ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ fi gbọdọ̀ ṣáájú iṣẹ́: ní Òkè Taber, ẹ̀rọ ti kan àwọn òkú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ojú oórì ni.