Ààwẹ̀ Ìfẹ̀hónúhàn gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Àtitako Ogun láìlo Ipá

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé ẹni tí ebi ń pa kò ní etí ìgbọ́ràn. Síbẹ̀, a rí àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa ara wọn kí ọ̀rọ̀ wọn lè wọ inú ẹlòmíràn. Ìṣe yìí ni a ó máa pè ní ààwẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ipa tí irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè kó nígbà tí ó bá jẹ́ pé ogun ni aláàwẹ̀ ń takò.

Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé ìyà tí aláàwẹ̀ fi jẹ ara rẹ̀ nìkan kò tó láti yí ọkàn ẹni tí ń jagun padà. Ààwẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ níbi tí okùn ìbátan bá so aláàwẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ń bá wí. Bí ogun bá sì dé, okùn yìí gan-an ni ó kọ́kọ́ ń já. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ààwẹ̀ tako ogun níláti ní ẹlẹ́rìí tí yóò dúró ní ipò okùn tí ó já, tàbí kí ó wá ọ̀nà tí yóò fi tún okùn náà so. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, a ó kọ́kọ́ wo ohun tí kíkọ oúnjẹ túmọ̀ sí láàárín Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ààwẹ̀ Wọlé Ṣóyínká nínú àhámọ́ nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àti ti àwọn obìnrin Làìbéríà ní ọdún 2003.

2.0 Ohun tí ààwẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn jẹ́

Ó yẹ kí á ya ààwẹ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ohun tí ó jọ ọ́. Èkíní ni ààwẹ̀ ẹ̀sìn. Mùsùlùmí tí ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì àti Kìrìsìtẹ́nì tí ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, Ọlọ́run ni wọ́n ń gbà á fún. Kò pọn dandan kí ènìyàn kankan mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni a ń gba ààwẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn sí, bí ènìyàn náà kò bá sì mọ̀, òfo ni. Èkejì ni ìpara-ẹni. Ẹni tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀ kò béèrè ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aláàwẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn fẹ́ yè, ó sì ti sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí òun tó jẹun. Ẹ̀kẹta ni ebi tí a fi ipá mú wá, bí ìgbà tí ogun bá dó ti ìlú. Ọ̀kan náà ni ebi lójú ikùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí àṣẹ rẹ̀ wà ni ó yàtọ̀.

3.0 Kíkọ oúnjẹ àti okùn ìbátan

3.1 Nínú ilé

Yorùbá mọ̀ dájú pé kíkọ oúnjẹ jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀. Bí ọkọ bá kọ oúnjẹ aya rẹ̀, aya ti mọ̀ pé ìjà dé. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, yóò ké sí àwọn àgbà ilé kí wọ́n wá bá òun bẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ bá bínú tí ó kọ oúnjẹ, ìyá rẹ̀ ni kò ní lè sùn. Ẹni tí ó kọ oúnjẹ nínú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí kò fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gbogbo ilé ti dàrú. Ohun tí ó fún un lágbára ni pé ẹni tí ó ń bá jà kò lè káwọ́ lẹ́rán kí ó máa wo ebi tí ń pa á. Bí àlejò tí a kò mọ̀ rí bá kọ oúnjẹ wa, a ó kàn gbé abọ́ kúrò nílẹ̀ ni.

3.2 Ní ẹnu ọ̀nà onígbèsè

Ní Áyálándì àtijọ́, òfin fi àyè gba ẹni tí a jẹ ní gbèsè láti lọ gba ààwẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ènìyàn ńlá tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè náà. Àbùkù ńlá ni fún onílé bí ó bá jẹun láìdá aláàwẹ̀ lóhùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ológò ni a máa ń rán sí onígbèsè. Samuel Johnson ṣe àlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ológò a lọ fìdí kalẹ̀ sí ilé onígbèsè, a máa da ilé náà láàmú, a máa mú adìyẹ tàbí ẹran ọ̀sìn tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó pa jẹ, títí agboolé yóò fi wá owó san.

Àṣà méjèèjì yìí jọ ara wọn ju bí a ti lè rò lọ. Ọ̀kan fi àìjẹun dójú ti onígbèsè, èkejì fi àjẹkì dójú tì í. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n dúró sí, ojú àwọn aládùúgbò ni àwọn méjèèjì sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí a rí níhìn-ín ni pé ẹlẹ́rìí ti wọ inú ọ̀ràn. Onígbèsè lè máà káàánú ẹni tí ó jókòó tì í, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó máà bìkítà fún ohun tí ará àdúgbò yóò wí.

3.3 Nígbà ogun

Nígbà ogun, ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tí Ìbàdàn dó ti Ìjàyè láàárín 1860 àti 1862, ebi wà lára ohun tí ó fọ́ Ìjàyè. Ìlà-Ọ̀ràngún àti àwọn Ìgbómìnà mìíràn wà nínú Èkìtì-Parapọ̀ tí ó bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì láti 1877 sí 1886. Bí ará Ìlà kan bá lọ jókòó sí iwájú bùdó Ìbàdàn nígbà náà, tí ó ní òun kò ní jẹun títí ogun yóò fi parí, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́? Èrè ni ebi ará Ìlà jẹ́ fún ẹni tí ń bá a jagun. Alárinà ni ó parí ìjà yìí: Samuel Johnson àti Charles Phillips wà lára àwọn tí wọ́n ru iṣẹ́ láàárín àwọn bùdó títí àdéhùn 1886 fi wáyé.

Àpẹẹrẹ méjì láti òkè òkun fi hàn pé kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1920, nígbà tí Áyálándì ń jà fún òmìnira, Terence MacSwiney, olórí ìlú Cork, kọ oúnjẹ nínú ẹ̀wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ 74, ó sì kú ní 25 oṣù kẹwàá. Ìjọba Ìlú Ọba kò dá a sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1947, Gandhi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní Calcutta nígbà tí àwọn Híńdù àti Mùsùlùmí ń pa ara wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, àwọn aṣáájú ìhà méjèèjì wá ṣèlérí àlàáfíà fún un, ó sì jẹun. Baba ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jà ní Calcutta ka Gandhi sí. Ọ̀tá ni ìjọba Ìlú Ọba ka MacSwiney sí.

4.0 Ààwẹ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí: Ṣóyínká nínú àhámọ́

Ní 30 oṣù karùn-ún 1967 ni a kéde Bìáfírà. Ní 6 oṣù keje ogun bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Ṣóyínká lọ sí Enugu láti rí Ojukwu àti Victor Bánjọ, nítorí pé ó ń wá ọ̀nà tí ogun náà yóò fi dúró. Nínú oṣù kan náà ni ìjọba àpapọ̀ mú un. Wọn kò gbé e dé ilé ẹjọ́. Oṣù kẹwàá 1969 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, ó sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà ní òun nìkan nínú ẹ̀wọ̀n Kàdúná. Nínú The Man Died, tí ó jáde ní 1972, ó ròyìn bí òun ṣe kọ oúnjẹ nínú àhámọ́.

A níláti ṣe ìyàtọ̀ kan níbí. Títako ogun ni ó gbé Ṣóyínká dé ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi mú un nínú ẹ̀wọ̀n ni ààwẹ̀ rẹ̀ kọjú sí jù lọ. Síbẹ̀ ọ̀ràn méjèèjì kò ṣeé yà, nítorí pé ìjọba tí ń jagun náà ni ó tì í mọ́lé kí ohùn rẹ̀ má baà jáde. Ẹni tí a yà sọ́tọ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà tí yóò jókòó sí, kò sì ní aládùúgbò. Àwọn tí ó rí àwo oúnjẹ rẹ̀ bí ó ti padà jáde, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n; ohun tí ìjọba bá sì fẹ́ ni ará ìta yóò gbọ́.

Ohun kejì tún wà. Lóde ẹ̀wọ̀n náà, ìjọba àpapọ̀ ti dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ Bìáfírà, ebi sì ń pa ọmọdé àti àgbà. Báwo ni ààwẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n kan ṣe lè tu ọkàn irú ìjọba bẹ́ẹ̀ lójú? Ní 1968, àwòrán àwọn ọmọ Bìáfírà tí ebi ti sọ di egungun kárí ayé, àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú gbé oúnjẹ wọ Uli lóru. Ebi tí àwọn ọmọ náà kò yàn rí ẹlẹ́rìí. Èyí tí Ṣóyínká yàn kò rí. Síbẹ̀ àwọn ẹlẹ́rìí yẹn pàápàá kò lè dá ogun dúró títí di oṣù kìíní 1970.

Kí wá ni èrè ààwẹ̀ rẹ̀? Nínú àhámọ́, ẹlòmíràn ni ó ń pinnu ohun gbogbo fún ẹlẹ́wọ̀n: ìgbà tí yóò sùn, ìgbà tí yóò rí oòrùn, ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó jẹ́ tirẹ̀. Nípa kíkọ oúnjẹ, ó fi hàn pé òun kò tíì jọ̀wọ́ ara òun. Ìwé kíkọ ni ó sì wá ẹlẹ́rìí fún un lẹ́yìn náà. A yọ́ gbé ewì rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀wọ̀n, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1969. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; kò dákẹ́, ṣùgbọ́n ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ayé tó gbọ́ ọ dáadáa.

5.0 Ààwẹ̀ lójú títì: àwọn obìnrin Làìbéríà

Ní oṣù kẹrin 2003, nígbà tí ogun abẹ́lé kejì ń jó Làìbéríà, àwọn obìnrin Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí tí Leymah Gbowee ṣáájú fún bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sí pápá kan lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ń gba ààwẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà, oòrùn ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n. Ojú ọ̀nà tí Ààrẹ Charles Taylor ń gbà kọjá ni wọ́n yàn. Ní 23 oṣù náà, Taylor gbà láti rí wọn.

Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní oṣù kẹfà, àwọn kan nínú wọn tẹ̀ lé e lọ. Ní 21 oṣù keje, wọ́n rí i pé àwọn olórí ogun kàn ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé ní Accra. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú Gbowee, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ti Nàìjíríà, tí ó jẹ́ alárinà ìpàdé náà, gbèjà wọn. A fọwọ́ sí àdéhùn ní 18 oṣù kẹjọ.

A kò ní láti ṣàlàyé fún Yorùbá ohun tí ìhòòhò ìyá túmọ̀ sí. Ẹni tí ìyá bá bọ́ra sílẹ̀ fún, ọmọ ni, ègún sì lè jà á. Ohun tí àwọn obìnrin yìí ṣe ni pé wọ́n tún okùn tí ogun já so: wọ́n sọ ara wọn di ìyá, wọ́n sì sọ àwọn olórí ogun di ọmọ. Bí ọjà, ojú títì àti ìpàdé tí gbogbo ayé ń wò ti fún wọn ní ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ipò ìyá fún wọn ní ìbátan. Àmọ́ kò yẹ kí á fún ààwẹ̀ ní gbogbo ògo. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń ta ìbọn wọ Monrovia; ilé ẹjọ́ àkànṣe ti Sàró ti fi ẹ̀sùn kan Taylor ní gbangba ní oṣù kẹfà; àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà dé ní oṣù kẹjọ, Taylor sì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Kàlàbá ní 11 oṣù náà. Ààwẹ̀ jẹ́ ọwọ́ kan láàárín ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ó gbé ẹrù yìí.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé kì í ṣe ebi ni agbára ààwẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn. Ọkọ tí ó kọ oúnjẹ, ológò tí ó jókòó, Gandhi ní Calcutta àti àwọn obìnrin Monrovia, ìbátan tàbí ẹlẹ́rìí ni olúkúlùkù wọn fi jà. Ṣóyínká kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì nígbà tí ó nílò wọn jù lọ, ìgboyà rẹ̀ kò sì dín sí tiwọn.

Ìyọrísí èyí ni pé àwa tí a wà lóde kì í ṣe òǹwòran lásán. Nígbàkígbà tí ìjọba tí ń jagun bá ti alátakò mọ́lé, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá béèrè ibi tí ẹlẹ́wọ̀n náà wà, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì bi ìjọba léèrè bóyá ó jẹun lónìí, ti dá apá kan nínú ohun tí a gbà padà fún un. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwa òǹkọ̀wé àti olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.