Ọdún Mélòó ni Ìwé-Ẹ̀rí Yẹn Ti Wà Lára Ògiri?

Bí a bá wọ ọ́fíìsì kan ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, a lè rí ìwé-ẹ̀rí kan lára ògiri, tí a fi gíláàsì bò, tó ń sọ pé òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, èyí tí a ń pè ní secourisme. A máa ń wo orúkọ, a máa ń wo òǹtẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a wo ọjọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ilẹ̀ Faransé, oṣù 24 péré ni irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ń lò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ padà lọ kọ́ ọ, ìyẹn recyclage. Àwọn kan rò pé owó lásán ni wọ́n fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ bí a ti ń jí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró ní ọdún 2000, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kí ó tẹ àyà ní ìgbà 15, kí ó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu ní ìgbà 2. Ní 2005, àwọn onímọ̀ yí i sí 30 àti 2, nítorí pé nígbàkígbà tí ọwọ́ bá kúrò lórí àyà, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọpọlọ mọ́. Ní 2010, wọ́n ní kí àyà wọlé tó sẹ̀ntímítà 5 ó kéré tán. Ní 2015, wọ́n ní kó má kọjá 6, kí ìtẹ̀ náà sì wà láàárín 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan.

Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ a máa gbàgbé. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa olùkọ́ mọ èyí dáadáa: ohun tí ọmọ kà sórí nítorí ìdánwò BEPC, ẹ bi í léèrè lẹ́yìn ìsinmi! Ẹni tó lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lẹ́nu, ẹ ní kó kúnlẹ̀ síwájú ọmọlangidi tí wọ́n fi ń kọ́ni, ẹ ó rí i tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń ká.

Ewu tiwa kò sì jìnnà. Epo kpayo wà nínú ìgò lẹ́bàá títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó irin. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tó mọ́ ni kí a máa dà sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin adìyẹ, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Lórí ọ̀sà, ẹni tó mu omi tí kò sì mí mọ́, àwọn ènìyàn a máa dorí rẹ̀ kodò kí omi lè jáde. Àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò. Afẹ́fẹ́ ni kò ní: ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ní kí a kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i ní ìgbà 5, kí a tó tẹ àyà.

Ta ni yóò sanwó? Lójú tiwa, agbanisíṣẹ́ ni, nítorí ọrùn rẹ̀ ni ààbò òṣìṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá alájórin tàbí aránṣọ tó ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́rin kò lè dá a ṣe. Kí àwọn ọ̀gá mẹ́wàá ní àdúgbò kan dáwó jọ, kí wọ́n pe olùkọ́ kan láti Croix-Rouge wá fún ọjọ́ kan, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sórí kàlẹ́ńdà kó tó lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ bá ríṣẹ́ kí ẹ tó kọ́ ọ.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, 118 ni nọ́ńbà àwọn panápaná. Bí ọkàn bá dúró, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọpọlọ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ọkọ̀ wọn kò sì lè dé abúlé kan lẹ́yìn Kétu tàbí Ṣábẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Ẹ ní kí ẹlòmíràn pè wọ́n, kí ẹ̀yin má kúrò lórí àyà.