Láàárín “bá” àti “yóò”: gbólóhùn kání àti ìbẹ̀rù nínú fíìmù Ṣaworoidẹ

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní lisé, mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ kan lédè Faransé pé fíìmù Yorùbá kò mọ bí a ti ń fi ọkàn òǹwòran sókè. Ẹ̀rí mi ni pé babaláwo máa ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún mi ní máàkì tó dára. Ọ̀rọ̀ náà kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá: ohun tí mo pè ní àbùkù yẹn gan-an ló ń dá ìbẹ̀rù náà sílẹ̀. Mo sì tún ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Fíìmù tí mo fẹ́ lò ni Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí, tó jáde ní 1999. Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1939–2018) ló kọ ìtàn rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ka èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ọ̀gá nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. Inú èmi ọmọ ilé ìwé Faransé máa ń dùn sí ìyẹn. Kì í ṣe fíìmù ẹ̀rù pọ́nńbélé. Ìtàn ìlú Jogbo ni, àti ti àwọn tó ń jẹ ìlú náà run. Ṣùgbọ́n ní Ifangni, Ìfọ̀nyìn tiwa, níbi tí àwo fíìmù ti ń gba Igolo wọlé láti Nàìjíríà, kò sí ọmọdé tó wò ó lálẹ́ ní ilé wa tí kò sún mọ́ ẹni tó jókòó tì í.

Nínú ìtàn náà, ẹni tó bá fẹ́ jọba Jogbo gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́, kó sì bá ìlú mulẹ̀. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀. Owó ló wá jẹ, kò fẹ́ ohun tí yóò dè é lọ́wọ́. A sì gbọ́ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ ara mi kó o jọ, ó lọ báyìí: Bí ọba tí kò sín gbẹ́rẹ́ bá dé adé, tí ó sì gbọ́ ìlù ṣaworoidẹ, orí yóò máa fọ́ ọ títí yóò fi kú.

Gbólóhùn kání nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Awẹ́ gbólóhùn afarahẹ rẹ̀ ru ẹrù mẹ́ta: gbẹ́rẹ́ tí kò sí, adé tó wà lórí, àti ìlù tí a gbọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ tí méjì ti pé. Ó ku ọ̀kan. Àyàngalú onílù sì ti gbé ọ̀kan yẹn sá kúrò nílùú. Bí awẹ́ afarahẹ kò bá parí, olórí awẹ́ kò lè wọlé. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù yẹn, àárín “bá” àti “yóò” ni àwa òǹwòran jókòó sí.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe sí etí. Ìlú Yorùbá wo ni ìlù kì í ti í dún? Ìyáàlù dùndún sì máa ń ní ṣaworo létí. Nítorí náà gbogbo ìlù tó bá dún ní Jogbo di ohun ìfura, ìbáà jẹ́ ti ayẹyẹ. Ìyá àgbà mi, tí kò gbọ́ Faransé kankan, á na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n: “Ṣé òun nù un?” Àwọn ará ilé tó ń sọ Ègùn, tí wọn kì í gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà lọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá.

Olùkọ́ wa ní lisé máa ń pe ìfọkànsókè yìí ní “suspense”, pẹ̀lú ahọ́n Faransé, bí ẹni pé Hitchcock ló bí i. François Truffaut fi ọ̀rọ̀ wá Hitchcock lẹ́nu wò ní 1962, ìwé rẹ̀ sì jáde ní Faransé ní 1966. Inú ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì wà. Bí àwọn ènìyàn bá ń tàkúrọ̀sọ, tí bọ́ǹbù kan ṣàdédé bú, ìyàlẹ́nu ìṣẹ́jú àáyá 15 la rí gbà. Bí a bá ti mọ̀ pé bọ́ǹbù wà níbẹ̀, tí àwọn tó jókòó kò sì mọ̀, ìpayà ìṣẹ́jú 15 ni. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ní yunifásítì, ojú tì mí. Ìkìlọ̀ tí mo fi ṣẹ̀sín ní lisé, bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì náà ni.

Ẹ fi wé Psycho, fíìmù ẹ̀rù tí Hitchcock gbé jáde ní 1960. Marion Crane jí 40,000 dọ́là. Ọlọ́pàá là ń bẹ̀rù fún un, kì í ṣe ọ̀bẹ. Nígbà tí wọ́n wá pa á nínú ilé ìwẹ̀, ìyàlẹ́nu gbáà ni. Ikú rẹ̀ ló kọ́ wa ní gbólóhùn kání tiwọn: bí ẹnikẹ́ni bá wọ ilé yẹn, ìyá Norman yóò pa á. Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Arbogast wá ń gun àtẹ̀gùn ilé náà, òun kò mọ gbólóhùn yẹn. Àwa mọ̀ ọ́n. Àrékérekè Hitchcock ni pé ẹni tí a fi ṣe olùwà nínú olórí awẹ́ yẹn, òun kọ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn tí kò tíì wò ó.

Ohun kan ya Ṣaworoidẹ sọ́tọ̀ tí mi ò rí nínú ti àwọn òyìnbó tí mo mọ̀. Gòjé tí Bernard Herrmann fi ń ké nínú Psycho, àwa nìkan la gbọ́ ọ. Marion kò gbọ́. Ìró méjì tí John Williams fi ń kéde ẹja búburú inú Jaws ní 1975 náà rí bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ ìlù Àyàngalú wà nínú ayé ìtàn náà fúnra rẹ̀, gbígbọ́ rẹ̀ sì ni ikú. Fún àwa tí ìlù ń bá sọ̀rọ̀ lóhùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, kò ṣòro láti gbà pé ìró lè jẹ́ ìdájọ́.

Ibi tí fíìmù náà ti mú mi jùlọ ni òpin rẹ̀. A ti ń retí ikú Lápité láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n sójà kan, Lágata, tí Kúnlé Bámtẹ́fà ṣe, ló pa á, tó sì gba ìlú. Mo rántí pé àbúrò mi bínú: ìlù kò mà tíì dún! Lágata wá gbé adé lé orí ara rẹ̀. Ẹ padà sí gbólóhùn wa, kí ẹ wo olùwà awẹ́ afarahẹ rẹ̀: “ọba tí kò sín gbẹ́rẹ́”. Ọ̀rọ̀ orúkọ kan ni, pẹ̀lú awẹ́ aṣàpèjúwe tó ń yán an; kò sí orúkọ ènìyàn níbẹ̀. Àwa la fi Lápité sínú àyè yẹn. Lágata kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń sọ gbólóhùn náà, kò sì bèèrè. Ìlù dún. Ẹ̀rù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sórí ẹni tí a kò fọkàn sí, “yóò” sì wọlé.

Ìyá àgbà mi mi orí. Ó ní, “Kání ó tiẹ̀ bi wọ́n léèrè ni…” Kò parí gbólóhùn náà. Ó ní kí àbúrò mi dá àwo náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.