Ojú àlejò ní Chiapas

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti Chiapas, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni àwọn agbébọn ya wọ abúlé Acteal, tí wọ́n pa ọmọ ìbílẹ̀ Tzotzil 45 lẹ́nu àdúrà.

Ṣáájú àti lẹ́yìn ìpakúpa náà, àwọn aráàlú lásán láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá bá àwọn ará abúlé gbé. Wọn kò gbé ìbọn. Iye ọkọ̀ ológun tó ń kọjá ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, nítorí ìkà kì í fẹ́ ẹlẹ́rìí. Lọ́dún 1998, ìjọba lé ọ̀pọ̀ wọn jáde. Àlejò rílé padà sí. Onílé ló kù síwájú ìbọn. Bí àlejò kò bá ríran, kí nìjọba ń lé e fún?